Òróró Ojú: Ṣé Ó Ń Fún Awọ Lómi ni, àbí Ó Ń Gbẹ Ẹ́?

Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni lẹ́tà lórí òróró ojú ti ń wọlé sí wa. A ti kó àwọn tó jọra pọ̀, ìdáhùn wọn nìyí.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Awọ gbígbẹ ni mo ní. Láti oṣù Kọkànlá ni mo ti ń fi òróró ólífì pa ojú láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí mo bá pa á tán, ojú á máa dán, ṣùgbọ́n kó tó di ọ̀sán, á ti máa fà mí, ẹ̀gbẹ́ imú á sì máa bó wẹ́wẹ́. Ṣé òróró tún lè gbẹ ojú ni? (Òǹkàwé, Ìlọrin)

Ìdáhùn: Òróró kì í fa omi kúrò lára awọ, ṣùgbọ́n kò ní omi tó lè fún un. Ọ̀rá lásán ni, láti ìsàlẹ̀ ìgò dé òkè. Iṣẹ́ ọmọrí ìkòkò ló ń ṣe. Bí ẹ bá dé ọmọrí lé ìkòkò tó ní omi, omi náà kò ní tètè gbẹ. Bí ẹ bá dé e lé ìkòkò òfìfo, òfìfo náà lẹ máa bá nígbà tí ẹ bá ṣí i. Bí ojú ṣe lè máa dán lókè, kó sì máa fà nísàlẹ̀ nìyẹn.

Ìgbà tí ẹ ń pa á la kọ́kọ́ fura sí. Tí ẹ bá wẹ̀ tán, tí ẹ nura gbẹ, tí ẹ wọṣọ, tí ẹ wá jókòó ti dígí kí ẹ tó mú ìgò òróró, omi tó wà lójú ti lọ. Lásìkò ọyẹ́, aṣọ tí ẹ sá síta kì í pẹ́ gbẹ, ojú kò sì yàtọ̀ sí aṣọ. Ọṣẹ ni a fura sí tẹ̀ lé e. Eérú ni a fi ń se ọṣẹ dúdú, ìwọ̀n pH rẹ̀ (òǹkà tó ń fi hàn bóyá nǹkan jẹ́ ásíìdì tàbí álíkálì) sì máa ń tó 9 tàbí 10, nígbà tí ti awọ ojú wà ní nǹkan bíi 5. Ó ń fọ ìdọ̀tí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń fọ ọ̀rá tí awọ fúnra rẹ̀ ṣe mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bá òróró jà, ọṣẹ ló yẹ kó bá jà.

Òróró ólífì náà sì lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Oríṣi ọ̀rá kan tí wọ́n ń pè ní ásíìdì oleic ló ju ìdajì rẹ̀ lọ, ó sì ń tú ọ̀rá tó so awọ òkè pọ̀ bíi sìmẹ́ǹtì láàárín búlọ́ọ̀kù. Nínú ìwádìí kan tí Yunifásítì Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ jáde ní 2013, àwọn àgbàlagbà fi ẹ̀kán mẹ́fà òróró ólífì pa apá lẹ́ẹ̀méjì lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún. Awọ wọn kò lágbára tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ó sì pọ́n díẹ̀. Apá tí wọ́n fi òróró sunflower pa kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ásíìdì linoleic ló pọ̀ nínú ìyẹn, awọ sì ń lò ó láti tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹ wo ara ìgò dáadáa nígbà tí ẹ bá ń ra sunflower. Èyí tí wọ́n kọ "high oleic" sí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ólífì tí ẹ ń sá fún.

Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ fọ ojú, ọṣẹ olómi tí kì í mú ojú fà ni kí ẹ lò, ó sì tó lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, lálẹ́. Láàárọ̀, omi lásán ti tó. Ẹ tẹ aṣọ ìnura mọ́ ojú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ má nù ún gbẹ: tí ẹ bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ó ṣì tutù. Kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó pé, ẹ fi ìpara olómi tó ní gílísírìn pa á, ìwọ̀n hóró ẹ̀wà méjì. Ẹ wá kán òróró sunflower mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi ọwọ́ kejì rà á títí yóò fi lọ́wọ́ọ́rọ́, kí ẹ tẹ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, iwájú orí àti àgbọ̀n. Títẹ̀ ni, kì í ṣe fífi ra bí ẹni ń ra epo sójú àwo. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí ẹ tó sọ pé kò ṣiṣẹ́.

Ìbéèrè: Tí mo bá fọ ojú láàárọ̀, kó tó di aago mẹ́wàá òróró á ti máa yọ lójú mi bíi ti àkàrà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n máa fi òróró pa á, pé tí awọ bá ti rí òróró láti òde, á dín tirẹ̀ kù. (Òǹkàwé, Ṣúrúlérè, Èkó)

Ìdáhùn: Ẹ kí ọ̀rẹ́ yín, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Họ́mónù ló ń pàṣẹ fún ihò tó ń ṣe òróró lábẹ́ awọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìgbà ìbàlágà ni ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dán, tí ti àwọn obìnrin mìíràn sì ń pọ̀ sí i nígbà tí nǹkan oṣù bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ihò yẹn kò lójú tó fi ń wo ohun tí ẹ pa sókè.

Ṣùgbọ́n ojú lè máa yọ òróró kó sì máa pòùngbẹ omi lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ dán an wò: ẹ fọ ojú lálẹ́, ẹ má pa nǹkan kan fún wákàtí kan, kí ẹ wá tẹ tíṣù mọ́ iwájú orí, imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, ibì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tíṣù tirẹ̀. Tí òróró bá hàn lára gbogbo rẹ̀, tí ojú kò sì fà yín, awọ olóròóró gidi ni. Tí ó bá hàn ní iwájú orí àti imú nìkan, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì ń fà, omi ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń wá. Ìpara fẹ́lẹ́ tó ní gílísírìn ni kí ẹ fi pa gbogbo ojú. Tó bá wù yín láti fi òróró kún un, ẹ̀kán méjì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan, lálẹ́ nìkan. Lójú tiwa, ẹni tó ní awọ olóròóró ní Èkó, tí ooru àti ọ̀rinrin òkun kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbẹ, kò nílò òróró ojú ní èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún.

Ìbéèrè: Àdí ni màmá wa fi ń pa wá lára nígbà tí a wà lọ́mọdé, n kò sì rí àìda rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa ojú lóṣù tó kọjá. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí kókó kéékèèké fi sú sí iwájú orí mi, tí wọ́n ń yún mi. Mo yí sí àdí àgbọn, kò yí padà. (Òǹkàwé, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Yíyí láti àdí sí àdí àgbọn, àbúrò lẹ lé jáde tí ẹ gba ẹ̀gbọ́n wọlé. Ásíìdì lauric ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn méjèèjì. Olúwakúlùkù ló sì ní ohun ẹlẹ́mìí kékeré kan lára awọ tó ń jẹ́ Malassezia. Kò ní ìjà pẹ̀lú ẹnikẹ́ni títí yóò fi rí oúnjẹ púpọ̀, ọ̀rá sì ni oúnjẹ rẹ̀. Àdí, àdí àgbọn, òróró ólífì, gbogbo rẹ̀ ló ń jẹ. Bó bá ti pọ̀ jù nínú ihò irun, kókó á sú. (Àwọn àgbà ní èèwọ̀ Èṣù ni àdí. Ó jọ pé iwájú orí yín ti bá a dá májẹ̀mú.)

Ẹ wo kókó náà nínú dígí níwájú fèrèsé. Tí wọ́n bá tóbi bákan náà, bí ìgbà tí ènìyàn fọ́n ọkà bàbà sílẹ̀, tí wọ́n ń yún, tí wọ́n sì tún wà láyà tàbí lókè ẹ̀yìn, Malassezia la máa kọ́kọ́ fura sí. Irorẹ́ kì í sábà yún, títóbi rẹ̀ kì í sì í bára mu: ọ̀kan á ní orí dúdú, èkejì á ní ọyún, ẹ̀kẹta á wà nínú lọ́hùn-ún.

Ẹ dá gbogbo òróró igi àti èso dúró lójú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, títí kan èyí tí ẹ fi ń pa irun. Ẹ ra ọṣẹ ìfọrun tó ní ketoconazole (òògùn tó ń dènà Malassezia) ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún nílé ìtajà òògùn. Ẹ hó o sí iwájú orí, ẹ jẹ́ kó pé ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ ṣan án kúrò, ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó wọ ẹyinjú o. Bí awọ bá gbẹ, Vaseline fẹ́lẹ́ ni kí ẹ fi bò ó, nítorí Malassezia kò lè jẹ ohun tí wọ́n fa jáde láti inú epo rọ̀bì. Bí kò bá lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, dókítà awọ ló kàn. Ẹ má da àdí yín nù ṣá: ẹsẹ̀ àti ìgúnpá kì í kọ̀ ọ́.

Ìbéèrè: Etí irun mi nìkan ni irorẹ́ wà, láti ẹ̀bátí kan dé èkejì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́ tónítóní. N kì í fi òróró pa ojú rárá. (Òǹkàwé, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Ti orí ló ń ṣàn wálẹ̀. Láti 1970 ni àwọn dókítà awọ ní Amẹ́ríkà ti kọ̀wé nípa irorẹ́ tí ìpara irun ń fà. Ẹ jẹ́ kí òróró irun jìnnà sí etí irun ní ìwọ̀n ìka méjì, ẹ máa fọ ìborí tí ẹ fi ń sùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì ní sùúrù. Ó máa ń gba oṣù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìbéèrè: London ni mo ń gbé. Tí òtútù bá ti dé, gílísírìn ni mo máa ń fi pa ojú, bó ṣe wà nínú ìgò. Ó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, ojú sì tún ń gbẹ sí i. Ṣé òróró ló yẹ kí n lò dípò rẹ̀? (Òǹkàwé, Peckham)

Ìdáhùn: Kì í ṣe dípò rẹ̀. Ẹ lo méjèèjì, kí òróró gbẹ̀yìn. Gílísírìn ń fa omi mọ́ra láti ibikíbi tó bá ti rí i. Nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlé-gbóná ti ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀, kò sí omi nínú afẹ́fẹ́, inú awọ yín ló ń lọ bù ú. Ẹ pò ó: ṣíbí tíì kan gílísírìn sí ṣíbí mẹ́sàn-án omi tí ẹ sè tí ó sì ti tutù. Inú fìríìjì ni kó wà, ẹ sì dà á nù lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, nítorí kò sí ohun tó ń dènà kòkòrò nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè pò nǹkan, kó ra ìpara tí wọ́n kọ gílísírìn sí ìkejì tàbí ìkẹta lẹ́yìn omi lára páálí rẹ̀.

Ẹ wá fi ọmọrí dé e. Ẹ̀kán òróró márùn-ún tó fún awọ gbígbẹ, tàbí Vaseline ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan. Ká má tan ara wa, nínú ká dá omi dúró, kò sí òróró olówó ńlá tó tó Vaseline. Ó lè dín omi tó ń gbẹ kúrò lára awọ kù dé ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ọ̀pọ̀ òróró wà láàárín 20 sí 30. Ó kàn jẹ́ pé ó ń wúwo lójú ni, alẹ́ ló sì bá mu.

Ìbéèrè: Òrí tí mo yọ́ tí mo dà sí agolo ti di yanrìn-yanrìn, ó ń họ mí lójú. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi? (Òǹkàwé, Ṣakí)

Ìdáhùn: Òrí gidi ni. Ó pẹ́ kó tó tutù ni: ọ̀rá líle inú rẹ̀ á kọ́kọ́ dì lọ́tọ̀, á sì di hóró. Ẹ gbé agolo náà sínú omi gbígbóná, ẹ má gbé e lé iná tààrà. Tó bá ti yọ́ kedere, tí kò ku hóró kankan, ẹ gbé e sínú fíríìsà, kí ẹ máa rò ó ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún títí yóò fi ki bí ògì. Ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan tó gbogbo ojú, lórí awọ tó ṣì tutù. Awọ gbígbẹ fẹ́ràn rẹ̀. Awọ tó ń yọ irorẹ́, kó fi sí ètè àti ìgigìsẹ̀.

Ìbéèrè: Láàárọ̀, èwo ni kí n kọ́kọ́ pa, òróró tàbí ìpara tó ń dènà oòrùn?

Ìdáhùn: Òróró tí ẹ bá pa lé ìpara oòrùn á tú u, èyí tí ẹ bá sì pa sábẹ́ rẹ̀ lè jẹ́ kó máa yọ̀, kó má tẹ́ dọ́gba. Ẹ fi òróró sílẹ̀ di alẹ́.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe lè dán òróró tuntun wò kó tó bà mí lójú jẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ fi ẹ̀kán kan pa ibì kan náà ní kọ̀rọ̀ ìgúnpá, tó bí owó ẹyọ, láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ méje. Tí kò bá yún, tí kò pọ́n, tí kò wú, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ àgbọ̀n fún ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn, nítorí kókó kì í yọ lọ́jọ́ kan. Ẹ má pò ó mọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́, bó ti wù kí wọ́n polówó rẹ̀ tó: bí oòrùn bá bá oje yẹn lára awọ, ó lè jó o, kó sì fi àpá dúdú sílẹ̀ fún oṣù pípẹ́. Ìgò kékeré ni kí ẹ rà, èyí tó ní àwọ̀ dúdú, kí ẹ má sì gbé e sójú fèrèsé. Òróró tí linoleic pọ̀ nínú rẹ̀ ń tètè bàjẹ́, a kì í lò ó ju oṣù mẹ́fà lọ lẹ́yìn tí a bá ti ṣí i. Ẹ máa gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó kán an. Tó bá ti ń rùn bí ẹ̀pà ọdún tó kọjá, ẹ fi kun ìdè ilẹ̀kùn tó ń ké.