“Ó wà nínú káàdì”

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ìgbà mẹ́rin ni mo ti lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, dókítà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo bá. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí, bí ẹni pé n ò débẹ̀ rí. Ẹni ìkẹyìn tún pààrọ̀ oògùn mi. Àbí wọ́n ń fi mí kọ́ṣẹ́ ni? (Ìyá kan, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Rárá o, mà. Àwọn dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń lò ní ẹ̀ka kan kí wọ́n tó bọ́ sí òmíràn, ẹ ò lè máa rí ojú kan náà. Ẹ béèrè orúkọ ọ̀gá tó ń darí wọn, kí ẹ máa wá lọ́jọ́ tirẹ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ẹ gbà pé dókítà tó bá tún ìbéèrè béèrè kò mọṣẹ́. Lẹ bá dá a lóhùn pé “ó wà nínú káàdì.” Kí ló wà níbẹ̀? Ohun tí àwa kọ ni (ìkọ̀wé wa náà, ká má sọ̀rọ̀ ẹ̀, káàdì a sì tún máa sọnù). Oògùn tí ẹ gbà níbòmíràn ńkọ́? Àgbo àárọ̀? Èyí tí ẹ pa tì nígbà tówó tán?

Màmá kan wọlé tọ̀ mí wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú débi pé ó gbé bàtà há abíyá. Ọmọ rẹ̀ ní ó ti tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ ni. Mo ní kó tú báàgì rẹ̀. Norvasc jáde, páálí mìíràn tí wọ́n kọ amlodipine sí náà jáde. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan náà ni! Mílígírámù 10 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ 10 lòpin ohun tí àgbàlagbà ń lò lójúmọ́, ó sì máa ń mú ẹsẹ̀ wú. Ọ̀dọ̀ dókítà méjì ló ti gbà wọ́n. Èkejì bi í bóyá ó ń lo nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Ó ní ó wà nínú káàdì.

Ní ti oògùn tí wọ́n pààrọ̀, ó lè nídìí: lisinopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, máa ń fún àwọn kan ní ikọ́ gbígbẹ, a ó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. N ò tíì yẹ̀ yín wò, nítorí náà ẹ má torí ọ̀rọ̀ mi dá oògùn kankan dúró. Ẹ bi wọ́n ní tààrà: “Èwo ni kí n má lò mọ́?”

Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún ń lọ, ẹ kó gbogbo páálí oògùn sínú ọ̀rá, àti ìgò àgbo, ẹ dà á sórí tábìlì. Bí dókítà karùn-ún bá béèrè, ẹ tún rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀.