Yàrá kan lẹ́yìn ilé fún iṣẹ́ fàdákà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Olùkọ́ ni mí ní Òmù-Àrán, mo sì ti ń sín ìlẹ̀kẹ̀ tà fún bí ọdún mẹ́rin. Lọ́dún tó kọjá, mo fi ìgbà ìsinmi ilé-ìwé kọ́ iṣẹ́ fàdákà lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Ìlọrin, ọwọ́ mi sì ti mọ òrùka àti yẹtí í ṣe díẹ̀díẹ̀. Mo ní yàrá kan lẹ́yìn ilé, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí mẹ́wàá, tó ní fèrèsé kan ṣoṣo, tí kápẹ́ẹ̀tì sì wà nílẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni mo ti ń sín ìlẹ̀kẹ̀ mi. Àwọn kan ní kí n kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ tó ń tẹ fàdákà di pẹlẹbẹ àti ẹ̀rọ ìdán, ṣùgbọ́n owó ọwọ́ mi kò ká méjèèjì. Kí ni kí n fi bẹ̀rẹ̀, báwo ni kí n sì ṣe to yàrá náà?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú làálàá àwọn ọmọ, ìyáàfin. Ẹ má tíì ra ẹ̀rọ kankan. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí ní Ìlọrin, ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ ni mo sì lò láìní ẹ̀rọ ìtẹ̀. Òòlù àti iná ni mo fi ń sọ fàdákà di pẹlẹbẹ, àwọn oníbàárà kò sì mọ ìyàtọ̀. Ibi tí iná yóò jókòó sí, àti ọ̀nà tí èérún fàdákà kò fi ní ṣègbé, ni yóò sọ bóyá yàrá yín á di ilé iṣẹ́. Ibẹ̀ ni kí owó àkọ́kọ́ lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé inú ilé kò yẹ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: inú agbo ilé ni àwọn tó ń yún òkúta pupa di ìlẹ̀kẹ̀ lántànà ní Ìlọrin láyé àtijọ́ ti ń ṣe tiwọn.

Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì yẹn kúrò lónìí. Bí ègé fàdákà gbígbóná kan bá já bọ́ sí i, kápẹ́ẹ̀tì á gbiná. Bí èyí tó tutù bá já bọ́ sí i, ẹ kò ní rí i mọ́. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tí wọ́n dán dáadáa, tí kò sán, ni ó dára jù. A kì í gbá ilẹ̀ ilé iṣẹ́ fàdákà dànù. Inú agolo kan tó ní ìdérí ni à ń kó ohun tí a bá gbá sí, títí yóò fi tó ohun tí a lè sun, kí ìdọ̀tí jóná, kí a sì yọ́ fàdákà tó kù nínú rẹ̀. Ẹ̀yin náà yóò rí i nígbà tí agolo àkọ́kọ́ bá kún.

Nípa iná, gáàsì ìdáná lásán tó, pẹ̀lú ọ̀pá iná tí à ń so mọ́ ọn. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ: bí ó bá ń jò, kò ní gba ojú fèrèsé jáde, ilẹ̀ ni yóò rọra tẹ́ sí bí omi, yóò sì dúró síbẹ̀ de ẹni tó fẹ́ ṣáná. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí sílíńdà wà níta lábẹ́ òjìji, níbi tí ọmọdé kò lè dé, kí rọ́bà rẹ̀ gba inú ihò kékeré kan lára ògiri wọlé. Ẹ fi ìfóófòó ọṣẹ pa gbogbo oríkèé rẹ̀ nígbàkígbà tí ẹ bá pààrọ̀ sílíńdà. Ibi tó bá ń rú ni ó ń jò. Bí ẹ bá parí iṣẹ́, orí sílíńdà ni kí ẹ ti kọ́kọ́ tì í, kí ẹ sì jẹ́ kí èyí tó kù nínú rọ́bà jó tán kí ẹ tó ti ọ̀pá iná.

Fèrèsé kan kò tó. Ẹ ní kí bíríkìlà lu ihò atẹ́gùn sí ògiri òdìkejì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀ nítòsí ilẹ̀, kí èéfín lè rí ọ̀nà jáde. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé iná sí iwájú fèrèsé, nítorí pé atẹ́gùn á máa gbé e kiri, pàápàá nígbà ọyẹ́, oòrùn kò sì ní jẹ́ kí ẹ rí àwọ̀ fàdákà. Igun tó ṣókùnkùn díẹ̀ ni ó yẹ iná. Fàdákà 925, tí ó jẹ́ ìdá 92.5 fàdákà nínú 100, tí bàbà sì jẹ́ èyí tó kù, máa ń rọ̀ fún lílù ní nǹkan bíi 650°C, ó sì máa ń yọ́ pátápátá ní 893°C. Ojú la fi ń mọ ibi tó dé: nínú òkùnkùn, ẹ ó rí i tí ó ń pọ́n wẹ́ẹ́ bí ẹ̀yinná tí eérú fẹ́ bò, ibẹ̀ ni kí ẹ ti gbé iná kúrò. Nínú oòrùn, nígbà tí ẹ bá fi máa rí pípọ́n yẹn, ó ti fẹ́ máa ṣàn lọ.

Ẹ mọ pèpéle kan fún iná náà, kí ẹ to bíríkì funfun fífúyẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́ inú ààrò ńlá sórí rẹ̀. Ẹ má ṣe fi iná lẹ fàdákà pọ̀ lórí sìmẹ́ńtì lásán, nítorí pé ọ̀rinrin inú rẹ̀ lè di ooru kí ó sì fọ́n ká sí yín lójú. Àwọn amọ̀kòkò Òkèlele ní Ìlọrin lè sọ ohun tí iná máa ń ṣe fún ìkòkò tí kò gbẹ.

Tábìlì ni ó kàn. Káfíńtà tó wà nítòsí yín lè fi igi líle, tó wúwo, tí kò ní mì, ṣe é. Kí ó ga tó bí 90 sí 100 sẹ̀ǹtímítà, tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá jókòó, ojú rẹ̀ á bá àyà yín dọ́gba. Ẹ̀yìn tó ń tẹ̀ lórí tábìlì tó kúrú ni ó ń lé àwọn ènìyàn kúrò nídìí iṣẹ́ yìí. Kí ó gé iwájú rẹ̀ wọnú bí oṣù, kí ó kan pákó kékeré kan tó ní ẹnu méjì mọ́ àárín ibẹ̀, kí ẹ sì so awọ sábẹ́ rẹ̀ bí àpò. Orí pákó yẹn ni ẹ óò ti máa fi ayùn gé nǹkan, tí ẹ óò ti máa yún un, inú awọ náà ni èérún yóò sì máa bọ́ sí. Eyín abẹ ayùn gbọ́dọ̀ kọjú sísàlẹ̀. Ẹ fi àbẹ́là pa á díẹ̀, ẹ má sì tì í síwájú, òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan ni kí ọwọ́ máa lọ. Yóò ṣẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́ dáadáa ní oṣù àkọ́kọ́, nítorí náà ẹ rà á ní dọ́sìnnì.

Yàtọ̀ sí ayùn, ẹ ra fáìlì mélòó kan, ọ̀pá irin ṣóńṣó tí à ń fi wọn òrùka, òòlù onígi, òòlù irin kékeré kan, ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́, àti irin oníhò tí à ń fi fa wáyà. Irin nípọn láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta irin àlòkù tó fún ohun tí ẹ óò máa lù lé lórí, bí ẹ bá ti lọ ojú rẹ̀ tó ń dán bí dígí, nítorí pé gbogbo àpá tó bá wà lára rẹ̀ ni fàdákà yóò gbà. (Ẹ má ṣe ra irin ojú irin rélùwéè tí ẹnikẹ́ni bá gbé wá. Ọ̀ràn ìjọba ni.)

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ síbi ìlẹ̀kẹ̀ yín, torí ibẹ̀ ni ewu tí ẹ kò rí wà. Àwọn ìkọ́ àti èròjà olówó pọ́ọ́kú tí a fi ń parí ìlẹ̀kẹ̀ sábà máa ń ní òjé, táńganran tàbí sinkì nínú. Nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, mo fi fáìlì tí wọ́n ti fi yún òjé yún òrùka fàdákà tí àáfà kan ní ká ṣe. Nígbà tí mo gbé e sínú iná, ojú ibẹ̀ ṣú, ó rì, ó sì lu jára bí ewé ẹ̀fọ́ tí kòkòrò jẹ. Òjé ti yọ́ ní 327°C, kí fàdákà tó pọ́n rárá, bó sì ti ń gbóná sí i ni ó ń jẹ fàdákà lọ. Ọ̀gá mi kò bá mi wí. Ó ju òrùka náà sínú agolo ọ̀tọ̀, ó sì ní kí n rọ òmíràn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ gbé ìlẹ̀kẹ̀ lọ sí yàrá mìíràn; bí kò bá ṣeé ṣe, kí tábìlì, fáìlì àti ẹ̀mú rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Òjé tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń lẹ wáyà kò gbọ́dọ̀ wọ yàrá yẹn.

Fàdákà ìlẹ̀pọ̀ ni kí ẹ lò, èyí tí a ti yọ́ pọ̀ mọ́ bàbà àti sinkì kí ó lè yára yọ́ ju ohun tí à ń lẹ̀ lọ. Ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá kádíómù wà nínú rẹ̀, bí ó bá wà, ẹ fi sílẹ̀ fún un, májèlé ni èéfín rẹ̀. Ẹ fi bóráàsì, ìyẹ̀fun funfun tó ń jẹ́ kí ìlẹ̀pọ̀ ṣàn, tí a pò mọ́ omi, kun ojú ibi tí ẹ fẹ́ lẹ̀, kí ẹ sì máa yí iná ká gbogbo ara òrùka, kì í ṣe ojú kan. Bóráàsì á kọ́kọ́ wú funfun, á rọlẹ̀, á wá mọ́ bíi gíláàsì. Lẹ́yìn náà, lójijì, ìlà kan á kọ mànà níbi ìpàdé. Ó ti lẹ̀ nìyẹn. Omi álọ́ọ̀mù tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ ni kí ẹ rẹ ẹ́ sí kí dúdú ara rẹ̀ lè bó, nínú ìkòkò tí kò ní wọ ilé ìdáná mọ́. Irin kankan kò gbọ́dọ̀ kan omi náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bàbà á bo fàdákà yín. Mo mọ̀ pé ásíìdì bátìrì ni àwọn àgbà kan ń lò. Èmi kì í gbé e sí ilé tí ọmọdé wà.

Fún dídán, búrọ́ọ̀ṣì onídẹ àti omi ọṣẹ tó fún ọdún àkọ́kọ́, ẹ kò sì ní máa retí iná ẹlẹ́ńtíríìkì. Bí ẹ bá ra ẹ̀rọ lọ́jọ́ iwájú, ẹ di ìborùn àti apá aṣọ yín mọ́ra kí ẹ tó tàn án, ẹ má sì fi ẹ̀wọ̀n ọrùn sí i láéláé, nítorí pé yóò wé ìka yín mọ́ ọn. Aṣọ òwú ni kí ẹ máa wọ̀ sídìí iná. Èyí tí kì í ṣe òwú máa ń yọ́ mọ́ ara.

Ní ti ọjà, òrùka ọkùnrin ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Wúrà kò tọ́ sí ọkùnrin nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, fàdákà tọ́, nítorí náà ẹni tí yóò rà á kò jìnnà sí yín. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì ra fàdákà. Ẹ bó wáyà iná nípọn, kí ẹ fi bàbà inú rẹ̀ ṣe òrùka fún oṣù kan, pẹ̀lú fàdákà ìlẹ̀pọ̀ kan náà àti bóráàsì kan náà, kí ẹ sì máa kó èérún rẹ̀ sí agolo tirẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ti lẹ mẹ́wàá tẹ̀lé ara wọn, tí ẹ lù wọ́n lórí ọ̀pá òrùka tí ojú ìlẹ̀pọ̀ kò sì já, ẹ lè wá lọ ra fàdákà.