Ìyá Ìkókó, ẹ má dúró de ara gbígbóná

Ìyá Ìkókó, ẹ kú ewu ọmọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ohun tí ẹ kọ: ọmọ ọjọ́ 16, kò mu ọyàn dáadáa láti àná, oorun ló ń sùn ṣáá, tẹmómítà sọ pé 35.2, nọ́ọ̀sì ní ó di Mọ́ńdè. Ẹ wá ń béèrè pé tí ẹ bá gbé e lọ lónìí, ọjọ́ mélòó ni wọ́n máa dá yín dúró. Ẹ dákun, ẹ kọ́kọ́ gbé ọmọ yẹn ná. Ẹ lè máa ka ìyókù lọ́nà.

Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yìí, mo ti ṣe é rí. Ọmọ mi kejì pé ọjọ́ 11 nígbà tó kọ ọyàn. Ká ní ó sunkún ni, ǹ bá ti sáré. Ńṣe ló dákẹ́. Mo fi ọmú sí i lẹ́nu, ó fà á lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, omi ọyàn ṣàn jáde ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, ọmọ ti sùn lọ. Mo fọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó tutù nini. Mo fi aṣọ mẹ́ta wé e, mo dé fìlà fún un, mo ní òtútù ló mú un. Gbogbo wa la gbà pé tí ara ọmọ kò bá ti gbóná, kò sí wàhálà. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé kòkòrò lè ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ ìkókó kí ara rẹ̀ sì máa tutù sí i. Tó bá tó 38, ẹ sáré. Tí kò bá tó 35.5, ẹ sáré bákan náà. Tiyín ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Mo gbé e lọ síbi tí mo bí i sí. Nọ́ọ̀sì tí mo bá níbẹ̀ kò tilẹ̀ tú aṣọ lára ọmọ. Orí àga ló wà tó ti fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ó ní, "Ara rẹ̀ ò kúkú gbóná. Ẹ̀yin ìyá ìsinsìnyí, ẹ ti ń ka nǹkan jù lórí fóònù." Ojú tì mí, mo padà sílé. Ìtìjú yẹn gba wákàtí 9 lọ́wọ́ ọmọ mi. Mi ò ní parọ́ fún yín, inú ṣì ń bí mi.

Nígbà tó di òru, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kérora, ohùn kékeré kan ní òpin èémí kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ru ẹrù. Abẹ́ ìhà rẹ̀ ń wọnú tó bá ti mí. Ilé ìwòsàn mìíràn la gbé e lọ. Wọ́n wá iṣan lọ́wọ́ ọ̀tún, ó fọ́. Ọwọ́ òsì, ó fọ́. Ẹsẹ̀ méjèèjì, wọn ò rí i. Orí ni wọ́n ti padà rí i, lẹ́yìn tí wọ́n fá irun ibẹ̀. Abẹ́rẹ́ wọlé, ọmọ mi ò sunkún. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù.

Wọ́n tún ní àwọn fẹ́ fa omi lẹ́yìn rẹ̀. Mo kọ̀ jálẹ̀, mo ní wọ́n fẹ́ sọ ọmọ mi di arọ. Dókítà kan ń rọ òyìnbó lé mi lórí. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ni abẹ́rẹ́ náà ń wọ̀, níbi tí okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn ti parí, àti pé omi yẹn ló máa sọ bóyá àrùn yírùnyírùn ti bá awọ tó bo ọpọlọ. Mo buwọ́ lù ú. Àríyànjiyàn mi pẹ́ ju iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ fa á fún tiyín, ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á.

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ oògùn apakòkòrò méjì, ampicillin àti gentamicin, kí èsì tó jáde, torí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà máa ń tó bí ọjọ́ méjì kó tó fi kòkòrò hàn. Tí ẹ bá ti bọ́ nínú rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n yẹ etí ọmọ wò. Àrùn yẹn lè ba etí jẹ́, gentamicin náà lè bà á jẹ́.

Kíka èémí, ẹ mọ ìyẹn: ìṣẹ́jú kan gbáko nígbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀, tó bá ti tó 60, kò dáa. Ẹ wo ìwọ́ náà, bóyá ó ń pọ́n tàbí ó ń ṣọyún.

Ẹ má fún un ní paracetamol fúnra yín o. Àti jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine tí wọ́n fi ń tọ́jú ìwọ́, ẹ gbé e jìnnà sí oògùn ojú. Àwọn kan ti ṣì í lò, ó sì ba ojú ọmọ jẹ́. Ẹni tí egbò bá wà létè rẹ̀, ì báà jẹ́ ìyá yín, kò gbọ́dọ̀ fẹnu ko ọmọ yẹn lẹ́nu.

Háà, ọjọ́ mélòó lẹ bi mí. Tí èsì bá mọ́ tí ara ọmọ sì yá, wọ́n lè dá oògùn dúró lẹ́yìn bí ọjọ́ méjì. Tí kòkòrò bá wà nínú ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ 7 sí 10. Tó bá dé awọ ọpọlọ, 14 sí 21. Èmi lo 21. Ọjọ́ kẹrin ló ti ń mu ọyàn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí a máa lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ nọ́ọ̀sì àgbà yẹn tó kọ̀.

Ẹ gbé e sí àyà yín lábẹ́ aṣọ, ara sí ara, bí ẹ ti ń lọ. Ẹ má da omi ọyàn sí i lẹ́nu lójú oorun. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà: ọjọ́ 16, kò mu ọyàn, 35.2. Tí omira bá ti ya fún ju wákàtí 18 kí ẹ tó bí i, ẹ fi kún un. Ẹ má sì jókòó títí wọ́n á fi tú aṣọ lára rẹ̀.