Ṣé torí pé 2147483647 jẹ́ prime ni kọ̀ǹpútà ṣe mú un?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Mo fi MySQL, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀, ṣe ibi tí a ń kọ orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa sí, ìgbà tí mo wá wo nọ́ḿbà fóònù wọn, 2147483647 ni gbogbo ẹ̀ dà, t'ọkùnrin t'obìnrin. Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ tíṣà máàsì ní prime number ni, ìyẹn pé kò sóhun tó lè pín in dọ́gba àfi 1 àti òun fúnra ẹ̀, ó ní ìdí tí kọ̀ǹpútà fi mú un nìyẹn. Ṣé òótọ́ ni? Akọ̀wé ẹgbẹ́, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Akọ̀wé wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Prime ni lóòótọ́, àmọ́ ìyẹn kọ́ ló fà á. Nọ́ḿbà fóònù wa, bí 070 tàbí 080, tí òdo iwájú bá ti bọ́, ó ti lé ní bílíọ̀nù méje, bẹ́ẹ̀ àyè INT (irú àyè tó ń gba odidi nọ́ḿbà) tí ẹ kó wọn sí, bit 32 péré ló ní (bit kan, 0 tàbí 1 ni), ẹyọ kan wà fún àmì pé nọ́ḿbà ọ̀hún ò tó òdo tàbí ó tó o, ó ku 31, tí gbogbo 31 yẹn bá wá jẹ́ 1, 2^31 − 1 nìyẹn, 2147483647, kò lè kọjá ibẹ̀, tí strict mode, ètò tí kì í gba nọ́ḿbà tó bá pọ̀ jù, ò bá sì sí lórí ẹ̀ MySQL á kàn gé gbogbo wọn síbẹ̀. Ẹ sọ ọ́ di VARCHAR, irú àyè tó ń gba ọ̀rọ̀, kí ẹ tún gba nọ́ḿbà wọn, torí èyí tó ti lọ ti lọ.

Pé ó bọ́ sí prime, ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Nọ́ḿbà tó tóbi jù tí irú àyè bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ bit 16 lè gbà ni 32767, ẹ wò ó, 7 × 31 × 151 ni. Ti bit 64, 7 pín òun náà.

Èyí tó wù mí jù ni bí Euler, onímọ̀ ìṣirò ayé àtijọ́, ṣe fi hàn ní 1772 pé prime ni, kò sí ẹ̀rọ, ojú ẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán. Èèyàn ì bá máa dán nọ́ḿbà wò títí dé 46340, ibi tí square root ẹ̀ mọ. Euler ní rárá, tí prime kan bá pín 2^31 − 1, tí ẹ bá ń sọ 1 di ìlọ́po méjì tí ẹ sì ń fi prime yẹn pín in, tí ẹ ń mú ìyókù nìkan, ẹ máa padà sí 1 ní ìgbésẹ̀ 31, ohun tí Fermat, onímọ̀ ìṣirò mìíràn, sì ti rí ṣáájú ni pé ẹ máa padà síbẹ̀ tí ìgbésẹ̀ bá fi ẹyọ kan dín sí prime yẹn, torí náà 31 gbọ́dọ̀ pín iye ìgbésẹ̀ yẹn. Ó tún sún un mọ́lẹ̀ sí i: tí ẹ bá fi 248 pín irú prime bẹ́ẹ̀, 1 tàbí 63 ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù. Àwọn tó kù láti dán wò ò pé 400 mọ́! Kò sí ìkankan tó pín in.

Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé ibì kan wà tí wọ́n dìídì mú un torí prime ẹ̀: ẹ̀rọ nọ́ḿbà àrìnàkò (random) tó wà nínú C++, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, minstd_rand0 lorúkọ ẹ̀. Á sọ nọ́ḿbà tó wà lọ́wọ́ di ìlọ́po 16807, á fi 2147483647 pín in, á mú ìyókù, bẹ́ẹ̀ ló máa kan gbogbo nọ́ḿbà láti 1 dé 2147483646 kó tó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè fi 7 àti ìlọ́po 3 dán an wò lórí ìwé: 1, 3, 2, 6, 4, 5, ó tún di 1.