Kí ni àwọn oníṣègùn Ayurveda ń pè ní pakshaghata, ṣé òun náà sì ni moyamoya?

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni ti òbí kan tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 7. Àwọn dókítà yẹ ọmọ náà wò, wọ́n ní àrùn moyamoya, tó ń mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ fún, ló ń mú kí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún máa rọ. Ìbátan wọn kan tó ń gbé ní Íńdíà wá sọ pé ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn Ayurveda, ìyẹn ìṣègùn ìbílẹ̀ Íńdíà, ti mọ àrùn yìí, pé pakshaghata ni wọ́n ń pè é, àti pé wọ́n ní ìtọ́jú fún un. Òbí náà fẹ́ mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí, kí ó sì mọ̀ bóyá àrùn kan náà ni. Ẹ jọ̀wọ́, àrùn kan náà kọ́. Pakshaghata ni orúkọ ohun tí ojú ń rí lára aláìsàn. Moyamoya jẹ́ ọ̀kan péré nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tó lè fa irú rẹ̀ láti inú orí.

Ní èdè Sanskrit, paksha ni ìhà kan ara, aghata sì ni lílù. Ẹni tí àrùn bá lù ní ìhà kan, tí apá, ẹsẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò fi ṣiṣẹ́ mọ́, òun ni wọ́n ń sọ, èyí tí àwa náà ń pè ní rọpárọsẹ̀. Charaka Samhita, ọ̀kan nínú àwọn ìwé àtijọ́ tí Ayurveda dúró lé lórí, sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní orí 28 nínú apá tó dá lórí ìtọ́jú, níbi tó ti ń ṣàlàyé àwọn àrùn vata. Agbára mẹ́ta ni Ayurveda gbà pé ó ń darí ara: vata, pitta àti kapha. Vata ló ni gbogbo ohun tó bá jẹ mọ́ ìrìn àti mímì nínú ara, òun ló sì ni àrùn jù lọ, nítorí àrùn 80 ni ìwé náà kà sí i lọ́rùn, nígbà tí ó ka 40 sí pitta àti 20 sí kapha. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ní vata fi ń dàrú: kí ohun tó ń gbé ara ró gbẹ tán, tàbí kí nǹkan dí ojú ọ̀nà tí vata ń gbà. Ní orí kan náà yìí ni a ti kà pé bí vata bá wọ inú àwọn òpó ẹ̀jẹ̀, wọ́n lè tín-ín-rín tàbí kí wọ́n wú. Ìyẹn wú mi lórí púpọ̀, nítorí ó sún mọ́ ohun tí ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí ń fi hàn lónìí.

Ohun tí ẹ̀rọ ń fi hàn nínú orí ẹni tó ní moyamoya nìyí. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá méjì tó gba ọrùn gòkè lọ sí ọpọlọ a máa fún díẹ̀díẹ̀ ní òkè pátápátá, níbi tí wọ́n ti fẹ́ pín sí ẹ̀ka. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá ti tó ọpọlọ mọ́, àwọn òpó wẹ́wẹ́ a hù yọ ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ láti ràn án lọ́wọ́. Orílẹ̀-èdè Japan ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàpèjúwe àrùn náà ní 1957; ní 1969, àwọn dókítà méjì, Suzuki àti Takaku, sọ ọ́ ní moyamoya nítorí pé àwọn òpó wẹ́wẹ́ náà rí bí èéfín tó ń rú nínú àwòrán. Ó wọ́pọ̀ jù ní Japan, Kòríà àti Ṣáínà, àwọn obìnrin tó ń ṣe sì tó ìlọ́po méjì àwọn ọkùnrin. Ó kan àwa náà o, nítorí ẹ̀jẹ̀ SS lè ba àwọn òpó kan náà yìí jẹ́, kí ọmọ wa sì bá irú ipò yìí pàdé láìsí ẹni tó ti Japan wá nínú ìdílé rẹ̀.

A lè wá sọ pé ọ̀rọ̀ Ayurveda nípa ọ̀nà tó dí bá moyamoya mu, àwọn oníṣègùn kan ní Íńdíà sì ń ṣàlàyé rẹ̀ bẹ́ẹ̀. N kò bá wọn jiyàn lórí àlàyé. Ìtọ́jú ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ohun tí Charaka Samhita là sílẹ̀ fún pakshaghata ni kí wọ́n fi òróró pa aláìsàn lára, kí wọ́n fi ooru mú un làágùn, kí wọ́n sì fún un ní oògùn tí yóò fọ inú rẹ̀. Òógùn àti ìgbẹ́ yìí ń fa omi kúrò lára. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọpọlọ rẹ̀ kò tó tẹ́lẹ̀ kò gbọ́dọ̀ pàdánù omi, nítorí bí ẹ̀jẹ̀ bá dín kù tàbí tí ìfúnpá rẹ̀ bá wálẹ̀, apá ọpọlọ tó ti ń jìyà tẹ́lẹ̀ lè kú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mímí kíákíá léraléra tí wọ́n ń pè ní kapalabhati, tí àwọn olùkọ́ yoga máa ń kọ́ni. Bí ènìyàn bá ń mí bẹ́ẹ̀, carbon dioxide inú ẹ̀jẹ̀ a dín kù, òpó ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ a sì sún kì. Ìdí nìyí tí ọwọ́ ọmọ tó ní moyamoya fi lè ṣàdédé rọ nígbà tó bá ń sunkún kíkankíkan, tó bá ń fun fèrè, tàbí tó bá ń fẹ́ atẹ́gùn sí oúnjẹ gbígbóná kí ó lè tutù. Àwọn egbòogi náà ní ewu tiwọn: nínú oògùn Ayurveda 70 tí àwọn olùwádìí rà ní àgbègbè Boston, tí wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2004, 14 ló ní òjé, mákúrì tàbí arsenic nínú.

Iṣẹ́ abẹ ló ń la ọ̀nà tuntun fún ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ bá fi ìka kan iwájú etí yín, ẹ ó gbọ́ bí òpó kan ṣe ń lù níbẹ̀. Òpó yẹn ni oníṣẹ́ abẹ ń tú kúrò lára awọ orí, tí yóò gbà á wọlé láti ojú ihò tó lu sí agbárí, tí yóò sì rán an mọ́ òpó kan lórí ọpọlọ. Nígbà mìíràn, pàápàá fún ọmọdé, ó lè kàn tẹ́ ẹ lé ọpọlọ kí òpó tuntun lè hù láti ara rẹ̀. Bí ìbátan yín bá ṣì fẹ́ kí oníṣègùn Ayurveda lọ́wọ́ sí i, ẹ jẹ́ kí ó mọ sí fífi òróró yánmọtí ra apá àti ẹsẹ̀ tó rọ náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí dókítà ọmọ náà sì mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ má gbà kí wọ́n fọ inú rẹ̀. Ẹ máa fún un lómi dáadáa, ní ọjọ́ tó bá sì ń bì tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé moyamoya ló ní.