Bàtà rọ́bà kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àrá

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, èmi àti àwọn ọmọ mi fẹ́ lọ gun ilé-ìṣọ́ inú ọgbà igbó kan lópin ọ̀sẹ̀ yìí, ká lè rí igbó náà láti òkè. Wọ́n ní òjò máa rọ̀ lọ́jọ́ náà. Gbogbo wa la ní bàtà rọ́bà, ilé-ìṣọ́ náà sì ní òrùlé. Ṣé kò séwu? Ìgbà wo ló dáa jù ká lọ?

Ìdáhùn: Òjò kọ́ ni wàhálà yín. Bí òjò bá ń rọ̀ tí àrá ò sán, tí àwọn alábòójútó ọgbà sì ṣílẹ̀kùn, ẹ gùn ún. Àtẹ̀gùn á máa yọ̀, nítorí náà kí àwọn ọmọ má sáré. Aṣọ òjò ni kí ẹ wọ̀, ẹ fi agbòjò sílẹ̀, torí atẹ́gùn òkè lágbára. Àárọ̀ sábà máa ń sàn ju ọ̀sán lọ, nítorí ooru ọ̀sán ló máa ń kó òjò alárá jọ.

Ọ̀rọ̀ bàtà rọ́bà yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ó ti sú mi. Nígbà òjò, kì í pẹ́ kí ẹnì kan tó tún na ẹsẹ̀ sí mi pé, "Ẹ wò ó, rọ́bà ni." Ẹ gbọ́ o: rọ́bà yẹn ò dá àrá dúró. Afẹ́fẹ́ pàápàá kì í jẹ́ kí iná mànàmáná kọjá bọ̀rọ̀, síbẹ̀ àrá ń la ọ̀pọ̀ kìlómítà afẹ́fẹ́ já kó tó kanlẹ̀, ojú ọ̀nà tó gbà sì lè gbóná tó 30,000°C, ìyẹn nǹkan bí ìlọ́po 5 ojú oòrùn. Kí ni àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà tí kò nípọn tó ìka méjì fẹ́ fi ṣe? Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló bí àṣìṣe yìí. Wọ́n ní táyà ló ń dáàbò bo èrò inú ọkọ̀. Irọ́ ni. Irin ara ọkọ̀ ló ń gbé iná náà gba ìta lọ sílẹ̀. Alùpùpù náà ní táyà, kò sì gba ẹni tó gùn ún.

Òrùlé ilé-ìṣọ́ ń gba òjò, kò gba àrá. Ọ̀pá irin tí wọ́n ń rì mọ́ ilé láti darí àrá wọlẹ̀ dáa, àmọ́ ilé ló ń dáàbò bò. Ẹni tó bá di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú lásìkò náà ti fara rẹ̀ ṣe ọ̀nà fún un.

Àrá lu Roy Sullivan, olùṣọ́ ọgbà Shenandoah ní Amẹ́ríkà, ní ìgbà 7 láàárín 1942 sí 1977, kò sì pa á. Ti àkọ́kọ́, inú ilé-ìṣọ́ tí wọ́n fi ń ṣọ́ iná igbó ló sá sí. Wọn ò tíì fi ọ̀pá sí i. Àrá lu ilé náà léraléra títí ó fi gbiná. Ó sá jáde, kò sì tíì rìn jìnnà tí àrá fi bá a lẹ́sẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá ti gbọ́ àrá, ẹ sọ̀kalẹ̀. Àwọn kan máa ń ka ìṣẹ́jú àáyá láti ìgbà tí mànàmáná bá kọ títí àrá á fi dún, kí wọ́n lè mọ bó ṣe jìnnà tó: ìṣẹ́jú àáyá 3 fún kìlómítà kan. Èmi kì í dúró kà, torí àrá lè sán sí ibi tó jìnnà ju kìlómítà 10 lọ síbi tí òjò wà. Ẹ lọ sínú ilé gidi tó ní ògiri, tàbí inú ọkọ̀ tí ẹ ti gbé gíláàsì rẹ̀ sókè. Ẹ má sá sábẹ́ igi. Lẹ́yìn àrá tó dún kẹ́yìn, ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Mi ò rí ilé-ìṣọ́ tiyín, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún un. Ohun tí olùṣọ́ ibẹ̀ bá sọ lọ́jọ́ náà ni kí ẹ ṣe, kódà bí ẹ ti wakọ̀ ọ̀nà jíjìn wá. Bí àrá bá sì lu ẹnì kan lójú yín, ara rẹ̀ kò gbé iná dání. Ẹ má bẹ̀rù láti fọwọ́ kàn án. Ẹ pe àwọn elétò ìlera, bí kò bá sì mí, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.