Òsúkè Mú Ajá Inú Káàtúùnù, Ẹnikẹ́ni Ò Rẹ́rìn-ín

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo ń ya káàtúùnù kan lórí fóònù. Ajá kan tó ń jẹ́ Ẹ̀yìnlàárò lá omi aró, ni òsúkè bá mú un. Ní gbogbo ìgbà tó bá ti ṣe òsúkè, á kọ bí àkùkọ, ara rẹ̀ á sì di àwọ̀ aró. Mo fi han àwọn ọmọ àdúgbò, wọ́n ní ajá náà kàn ń gbọ̀n ni. Níbo ni mo ti ṣì í? (Òǹkàwé, Ìtòkú, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ó jọ pé dọ́gbadọ́gba lẹ pín àwọn àwòrán yín. Òsúkè kì í yọ́ wá. Iṣan tó wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró ló ń ṣàdédé sún kì, tí ọ̀nà ọ̀fun á sì pa dé lójijì. Òun là ń gbọ́ tó ń dún. Bí ẹ bá fi àwòrán mẹ́rin tàbí márùn-ún ṣe àtẹ̀gùn láti ìjókòó dé fífò, gbígbọ̀n náà ni yóò máa jọ.

Férémù (ààyè kọ̀ọ̀kan tí àwòrán ti ń hàn) 24 ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, àwòrán kan sì lè gba férémù 2, ìyẹn àwòrán 12 fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ jẹ́ kí Ẹ̀yìnlàárò jókòó jẹ́ẹ́ fún férémù 16, kó máa jẹ eegun rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, férémù 6 fún ìmúra: ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú, ọrùn á wọnú èjìká. Bí ẹ bá ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ báyìí, ẹ fẹ ikùn rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á dà bíi pé ajá náà ń kéré sí i. Fífò fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju férémù 2 lọ, ẹ má sì fi àwòrán kankan sáàárín. Etí àti ìrù á ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí ara ti gòkè. Férémù 2 sí 4 lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó dé bá a. Ohùn lè bọ́ sí férémù tó fò gan-an tàbí kó pẹ́ díẹ̀, kó má ṣáà ṣáájú.

Èyí tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa ń gé dànù ló kàn: ìdúró. Ẹ fún un ní férémù 20 tí ojú nìkan á fi máa yí, kó wo ọ̀tún, kó wo òsì, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ṣe é. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín wà. Ajá tó bá mọ̀ pé òun ń pani lẹ́rìn-ín kì í pani lẹ́rìn-ín.

Ẹ yọ àkùkọ yẹn kúrò. Aró ló dá àìsàn sílẹ̀, àwọ̀ ni kó jẹ́ àmì rẹ̀. Kíkọ àkùkọ kò bá a tan. Òsúkè kìíní, imú nìkan ni kó di aró. Èkejì, etí. Ẹ̀kẹta, kí ara ajá funfun bí ẹfun, kó wá jẹ́ pé ológbò tó jókòó tì í ló di aró.

Ọmọ Ìtòkú sì ni yín, àwọn aláró á dá yín lẹ́jọ́ lórí èyí: ohun tó bá jáde nínú ìkòkò aró kì í dédé di aró. Ó máa ń ní àwọ̀ ewé tó fẹ́ pọ́n ná, afẹ́fẹ́ ló ń yí i padà. Torí náà, ewé fún férémù 8, ewé tó dúdú fún 8, lẹ́yìn náà aró. Ẹ má sì jẹ́ kó lá a mọ́, ẹ jẹ́ kó já sínú rẹ̀ ni. Kọ́sítíìkì sódà wà nínú ọ̀pọ̀ aró òde òní, ó sì ń jó ẹnu.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, àbúrò mi ya ajá tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ó dùn wò, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. (Òǹkàwé, Láfẹ́nwá)

ÌDÁHÙN: Ọkàn yín ò purọ́. Ẹ jẹ́ kí títa gọ́ọ́gọ́ọ́ wà níbẹ̀, itọ́ ni kí ẹ yọ. Àwọn méjèèjì pa pọ̀ jọ dìgbòlugi, ọmọ tó ti rẹ́rìn-ín sí i nínú fóònù lè lọ fọwọ́ kan ti gidi. Ajá tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí ohùn rẹ̀ yí padà, tí kò lè gbé nǹkan mì, tàbí tó ń gé nǹkan jẹ láìnídìí, ẹ má sún mọ́ ọn. Bó bá gé èèyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ gba abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi ata tàbí epo sí i. Ti ajá fúnra rẹ̀, ilé ìwòsàn ẹranko wà ní FUNAAB, Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, lójú ọ̀nà Alábàtà.

Fún títa gọ́ọ́gọ́ọ́: ìṣísẹ̀ kan férémù 8, èkejì 4, ẹ̀kẹta 12. Kí orí ṣáájú, kí ẹsẹ̀ máa sáré tẹ̀ lé e.

ÌBÉÈRÈ: Àwòrán mélòó ni ìṣẹ́jú kan máa gbà? Fóònù mi ti fẹ́ kún. (Òǹkàwé, Òkè-Ìlèwó)

ÌDÁHÙN: 720, bí àwòrán kan bá gba férémù 2. Ẹ ya ilé àti ọ̀nà sí abala tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Nígbà ìdúró, ojú nìkan ni kí ẹ tún yà, ẹ fi ara sílẹ̀ bó ṣe wà. Nínú FlipaClip, áàpù tí wọ́n fi ń ya káàtúùnù lórí fóònù, ẹ yí i sí férémù 12 fún ìṣẹ́jú àáyá kan láti ìbẹ̀rẹ̀; férémù kan níbẹ̀ á wá dúró fún méjì nínú iye tí a kà lókè. Bí ẹ bá yí i nígbà tí iṣẹ́ ti dé ìdajì, gbogbo òsúkè tí ẹ ti kà ló máa sáré tàbí kó fà.